Ilẹ̀kùn PVC tó ń bọ́ awọ

Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni o, òun àti férémù ẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ 2 ni mo pè é, ó gba oṣù 3 lọ́wọ́ mi, mi ò sì ka iye ìgbà tí mo padà lọ síbẹ̀ mọ́. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ torí pé gbogbo àṣìṣe téèyàn lè ṣe lórí fínáìlì, ìyẹn PVC, èmi àti pẹ́ńtà tó ṣáájú mi la pín in ṣe, a ò fi ọ̀kan sílẹ̀.

Màmá tó ni ilé ló pè mí. Wọ́n ní ọ̀dà ilẹ̀kùn ìta àwọn ń bọ́ bí ejò tó ń bọ́ awọ, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 6 tí wọ́n kùn ún. Mo ní kí wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́. Mo wo fọ́tò, mo ní ha, kékeré lèyí, a máa há a kúrò, a máa tún un kùn, ó parí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ pẹ́ńtà, ẹ yé fi fọ́tò dájọ́ iṣẹ́, ohun tó máa dá yín dúró kì í sí nínú fọ́tò.

Nígbà tí mo débẹ̀, mo bá ilẹ̀kùn PVC funfun, èyí tó le, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe férémù fèrèsé. Ọ̀dà olóróró tó ń dán, aláwọ̀ igi, ni pẹ́ńtà yẹn kùn sí i lórí. Ilẹ̀kùn náà kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Wọ́n tún wá ní ilẹ̀kùn onígíláàsì míì níwájú ẹ̀ níta, àlàfo àárín àwọn méjèèjì ò ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo rí gíláàsì yẹn o. Mo tiẹ̀ fọwọ́ ara mi ṣí i kí n tó wọlé. Mi ò kàn rò ó ni, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná, a máa padà sórí ẹ̀.

Mo ti èékánná bọ etí ọ̀dà náà, mo fà á, ó sì ń tẹ̀ lé mi bọ̀ títí tó fi gùn tó apá mi, kò já. Ọmọ iṣẹ́ mi na ọwọ́ kó gbà á kó lọ sọ ọ́ nù, mo ní kó dúró ná. Tí ọ̀dà bá bọ́ báyìí, ẹ yí i padà, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ̀yìn yẹn ló máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yìn tèyí ń dán bíi dígí, ìyẹ̀fun funfun kan sì lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹfun. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ ra ara ilẹ̀kùn níbi tí ọ̀dà ò sí, ọwọ́ mi funfun.

Oòrùn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtànṣán ẹ̀ tí ojú ò rí, tí wọ́n ń pè ní UV, ló máa ń jẹ ojú PVC díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún. Ohun tó sì mú PVC yẹn funfun, titanium dioxide ni wọ́n pò mọ́ ọn. Tí oòrùn bá ti jẹ rọ́bà tó di ìyẹ̀fun yẹn mú, ìyẹ̀fun náà á kàn jókòó sórí ẹ̀ láìdi nǹkan kan mú. Nítorí náà ọ̀dà tí pẹ́ńtà àkọ́kọ́ kùn di nǹkan mú dáadáa o, ìyẹ̀fun ló dì mú, ìyẹ̀fun náà ni ò di nǹkan kan mú.

Ti ọ̀dà olóróró tún wá lọ́tọ̀. Irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ kì í ṣíwọ́ líle, bó ṣe ń pẹ́ ló ń le sí i tó sì ń gan. Ara PVC ní tiẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́, tó bá gbóná á fẹ̀, tó bá tutù á sún kì. Ilẹ̀kùn tó ga ní mítà 2, tí ooru ara ẹ̀ bá fi 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius yàtọ̀ láàárín òru àti ọ̀sán, ó lè fi bíi mílímítà 5 gùn sí i. Pákó kì í gùn báyẹn. Ọ̀dà tó ti gan ò lè bá a nà, ó máa sán, ibi tó bá ti sán ni omi á gbà wọlé. Mi ò bú pẹ́ńtà yẹn ṣá, ó ṣe é bó ṣe máa ń ṣe ilẹ̀kùn pákó ni, ọ̀pọ̀ wa la sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Híhá a kúrò ò le, púpọ̀ nínú ẹ̀ fúnra ẹ̀ ló ń bọ̀. Ibi tó lẹ̀ mọ́ra ò ju àyíká ọwọ́ ilẹ̀kùn lọ. Ọmọ iṣẹ́ mi fẹ́ fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru yọ ọ́, mo ní rárá o. PVC á kọ́kọ́ rọ̀ mọ́ ẹ lọ́wọ́ ni, tó o bá tún gbóná mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín ásíìdì tó ń ta èèyàn nímú tó sì ń ba ọ̀nà ọ̀fun jẹ́. A fi sánpépà pa etí ìwọ̀nba tó kù títí ó fi tẹ́jú, a fi í sílẹ̀.

A fọ ilẹ̀kùn náà. Ọṣẹ, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, búrọ́ṣì tí irun ẹ̀ rọ̀. Ìsàlẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ tá a fi ń lọ sókè, torí tó o bá bẹ̀rẹ̀ látòkè, omi ìdọ̀tí á máa fa ìlà sára ibi tí ò tíì tutù, ìlà yẹn kì í sì í fẹ́ lọ bọ̀rọ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ti hu èbù, a fi blíìṣì tá a là mọ́ omi nù ún, a sì ṣan án dáadáa. Màmá fẹ́ gbé fínígà wá ká fi kún un, mo sáré gbà á lọ́wọ́ wọn, torí blíìṣì àti fínígà tó bá pàdé, gáàsì olóró ni wọ́n máa bí. Ó gbẹ, a fi sánpépà 220 rà á fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ kí dídán ẹ̀ lè kú, a nu eruku kúrò. Ó kù ká kun práímà, èyí tí wọ́n ṣe kó lè lẹ̀ mọ́ ara tó ń yọ̀. Ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ ọ̀dà nìyẹn, èmi kì í fò ó lórí PVC tó bá ti gbó.

Bí ọmọ iṣẹ́ mi ṣe fa rólà lẹ́ẹ̀kan báyìí, práímà náà bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ó ń ṣí róbótó róbótó bí ojú ẹja, àárín ojú kọ̀ọ̀kan ò ní nǹkan kan, PVC ihòòhò lò ń wò. Mo rò pé omi ló kù lára ilẹ̀kùn. A dúró, a tún gbìyànjú apá ibòmíì, ojú ẹja yẹn náà ni.

Mo lọ bá màmá. "Ẹ jọ̀ọ́ ma, kí lẹ fi ń nu ilẹ̀kùn yìí tẹ́lẹ̀?"

"Omi àti ọṣẹ ni."

"Kò sí nǹkan míì?"

"Kò sí."

Mo padà sídìí ilẹ̀kùn, mo wò ó títí, mo tún padà lọ bá wọn. Mo ní ma, nígbà tó ṣì ń dán, tó wù yín, kí ló ń mú un dán? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àbí ti èyí táwọn fi ń nu inú mọ́tò náà ni. Wọ́n wọlé lọ gbé ìgò náà wá. Ohun tí wọ́n fi ń mú dáṣíbọ́ọ̀dù dán ni, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń fi nu ilẹ̀kùn, ó ti pé ọdún mélòó kan. Sílíkónì ló wà nínú ẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti kọ́kọ́ yí padà nìyẹn. Ọ̀dà kì í dúró lórí sílíkónì, ṣe ló máa ń ká ara ẹ̀ jọ bí omi lórí ewé kókò. Ọṣẹ lásán ò sì tó o kó kúrò. Ìyà tó tún wá pọ̀ jù nínú ẹ̀ ni pé a ti fi sánpépà rà á ká tó mọ̀, ìyẹn ni pé àwa fúnra wa la fi ọwọ́ wa rin sílíkónì wọ inú gbogbo ìlà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ há sí i lára. Látọjọ́ yẹn, mo máa ń bọ́ òróró kúrò kí n tó fọwọ́ kan sánpépà, mi ò jẹ́ yí i padà fún ẹnikẹ́ni.

A nu gbogbo práímà kúrò ní tútù. A wá mú ọtí isopropyl àti àkísà méjì, àkísà àkọ́kọ́ á fi ọtí náà ra ara ilẹ̀kùn, èkejì tó gbẹ á tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀ kí ọtí náà tó gbẹ, torí tó bá gbẹ síbẹ̀, sílíkónì tó tú náà á tún jókòó padà, o kàn pín in káàkiri ni. Tí àkísà bá ti dọ̀tí, yí ojú ẹ̀ padà, tó bá ti dọ̀tí tán, jù ú nù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la ṣe é. Lẹ́yìn èyíkéyìí nínú ẹ̀, mo máa wọ́n omi sí i lára, tí omi bá ṣù jọ, òróró ṣì wà níbẹ̀, tó bá tẹ́ lọ bẹẹrẹ, ó ti mọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ló tẹ́.

Láàárín ìyẹn, ó ti rẹ ọmọ iṣẹ́ mi, ó ronú pé òun á fi nǹkan tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ yá iṣẹ́ náà, ó lọ mú acetone nínú àpótí mi. Ìgbà tí mo máa yíjú padà, ibì kan ní ìsàlẹ̀ tó tó àtẹ́lẹwọ́ ti rọ̀ rọ̀bọ̀rọ̀bọ̀, òwú àkísà lẹ̀ mọ́ ọn, àmì ìka ẹ̀ mẹ́ta hàn níbẹ̀ ketekete. Acetone máa ń wọ inú PVC ni, á mú un wú á sì rọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni tínà tí acetone bá wà nínú ẹ̀. Ọmọ yẹn ti ń gbọ̀n. Mo ní má fọwọ́ kàn án mọ́, má nù ún, má ṣe nǹkan kan sí i. A fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 2, ó le padà, a fi sánpépà tẹ́ ẹ. Tẹ́ ẹ bá mọ ibẹ̀, ẹ ṣì máa rí i tí oòrùn bá tàn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo wá kun práímà sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn níbi hínjì, ibi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Mo fi abẹ gé ìlà mẹ́fà, mo gé mẹ́fà míì dábùú ẹ̀, ó dà bí àwọ̀n ìpẹja kékeré, mo lẹ téèpù mọ́ ọn gbọingbọin, mo sì fà á ya. Ìdánwò yìí ní ìlànà tiẹ̀, ASTM D3359 ni wọ́n ń pè é, 5B ni tí ohunkóhun ò bá bá téèpù lọ, 0B ni tó bá jẹ́ pé èyí tó lọ ju ìdá 65 nínú 100 lọ. Tèmi já díẹ̀ níbi tí ìlà ti pàdé, mo fún un ní 4B, ọkàn mi balẹ̀.

Ó wá ku àwọ̀. Màmá ní dúdú làwọn fẹ́. Dúdú kirikiri, kí férémù wà ní funfun.

Mo mọ̀ o. Mi ò ní purọ́ pé mi ò mọ̀. Mo ti gbọ́ ọ rí pé wọn kì í kun fínáìlì ní àwọ̀ tó dúdú ju èyí tó bá wá lọ, mo sì sọ ọ́, àmọ́ ohùn tí mo fi sọ ọ́ rẹlẹ̀, bí ẹni tó ń bẹ̀rù kí wọ́n má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Màmá ní àwọn ti rí i nílé ọ̀rẹ́ àwọn. Mo ní kò burú. Ọ̀dà acrylic ni mo lò, ìyẹn máa ń nà, mo kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, láàárọ̀ kí oòrùn tó débẹ̀. Ó rẹwà débi pé mo ya fọ́tò ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn náà, fóònù dún. "Bọ̀dá pẹ́ńtà, ilẹ̀kùn ẹ ò tì mọ́ o." Ẹ gbọ́ bó ṣe ti di ilẹ̀kùn mi.

Mo rán ọmọ iṣẹ́ mi lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní ọ̀gá, ó ń tì dáadáa, òun ti fún hínjì ẹ̀ le. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà, fóònù tún dún. Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó bi màmá ní ìbéèrè tó yẹ kí n ti bi wọ́n látilẹ̀: "Ìgbà wo ló kì í tì?" Wọ́n ní láàárọ̀ ó ń tì, tó bá ti di bí aago 2 ọ̀sán á kọ̀, tó bá di alẹ́ á tún tì. A ti ń lọ tún ohun tó ń ṣàìsàn lọ́sàn-án ṣe láàárọ̀.

Mo lọ fúnra mi ní aago 3. Mi ò lè gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn náà. Mo na ẹ̀rọ tó ń wọn ooru sí i, 68 ló kà fún ibi dúdú, férémù funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ gan-an ka 43. Mo gbé rúlà gígùn lé e, igun òkè ti tẹ̀ kúrò lára férémù ní mílímítà 7.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rọrùn láti ṣàlàyé, ó kàn dùn mí ni. Àwọ̀ dúdú máa ń gbé oòrùn mì ni, funfun máa ń dá a padà. Iwájú ilẹ̀kùn gbóná ju ẹ̀yìn ẹ̀ tó wà nínú ilé lọ, iwájú wá gùn, ẹ̀yìn ò gùn, ilẹ̀kùn sì tẹ̀ bí ọrun. Gíláàsì tí mo fọwọ́ ara mi ṣí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wá fi kún un, torí ìmọ́lẹ̀ ń gbà á wọlé àmọ́ ooru ò rọ́nà jáde, ilẹ̀kùn náà wà nínú ààrò. Tí PVC líle bá ti kọjá bíi 60, agbára ẹ̀ ti ń dín kù, tó bá fi máa súnmọ́ 80 ó ti ń rọ̀. Tó bá tẹ̀ kó tó rọ̀, á padà tó bá tutù. Tó bá rọ̀ kó tó tẹ̀, bó ṣe tẹ̀ yẹn ló máa dúró.

Mo jókòó ti màmá, mo sọ ọ́ tán láìfi ohùn pamọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo fi nọ́ńbà LRV tó wà lẹ́yìn káàdì àwọ̀ hàn wọ́n, 0 ni dúdú tí kì í dá ìmọ́lẹ̀ kankan padà, 100 ni funfun tó ń dá gbogbo ẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe fínáìlì tí wọ́n fi ń bo ara ilé ló máa ń ní kéèyàn má lọ sísàlẹ̀ 55, àfi tó bá jẹ́ ọ̀dà tí wọ́n dìídì ṣe fún fínáìlì, àwọn míì á tiẹ̀ ní tó o bá ti kùn ún, gáráńtì ẹ ti tán. Dúdú tí mo kùn ò tó 5. Màmá ní ṣé kò wá sọ́nà táwọn fi lè ní dúdú ni. Mo ní ó wà, bí ìdajì agbára oòrùn ló wà nínú ìtànṣán míì tí ojú ò rí, yàtọ̀ sí UV, tó ń mú nǹkan gbóná, àwọn ọ̀dà kan sì wà tí àwọ̀ wọn dúdú lójú wa àmọ́ tí wọ́n ń dá apá yẹn padà. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú gíláàsì yẹn níwájú ẹ̀, èmi ò ní kun ìyẹn gan-an síbẹ̀. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá mú àwọ̀ eérú tó mọ́lẹ̀, LRV ẹ̀ lé ní 60.

A ò há dúdú yẹn kúrò, ó ti lẹ̀ dáadáa, a fi sánpépà pa dídán ẹ̀, a kun àwọ̀ eérú lé e. Gíláàsì níta, wọ́n ń yọ apá òkè ẹ̀ nígbà ooru. Igun yẹn padà, kò padà tán. Mílímítà 2 ló kù níbẹ̀ dòní, a sún irin tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀ díẹ̀, ó sì ń tì lọ́sàn-án lóru.

Mo rò pé ó tán. Ọjọ́ karùn-ún, màmá ní tí àwọn bá ṣílẹ̀kùn ó ń ké bí aṣọ tó ń ya. Ọmọ iṣẹ́ mi ti fi búrọ́ṣì gba orí rọ́bà rírọ̀ tó yí férémù ká, èyí tí ilẹ̀kùn máa ń fara tì. Fínáìlì nìyẹn náà, àmọ́ wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan. Wọ́n máa ń po òróró kan mọ́ èyí tó rọ̀ kó lè rọ̀, nígbà míì òróró náà á tó ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ìwúwo ẹ̀ tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, òróró yẹn ò sì dúró sójú kan, ó ń làágùn jáde. Ọ̀dà tó bá wà lórí ẹ̀ á mu ún, á máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, kò ní gbẹ láyé. Ọ̀dà ara ilẹ̀kùn fúnra ẹ̀ náà ò tíì gbó, torí acrylic lè gbẹ lójú láàárín wákàtí 1 tàbí 2, síbẹ̀ ó lè gba bíi 30 ọjọ́ kó tó le dénú. Méjèèjì wá lẹ̀ mọ́ra. A fa rọ́bà náà yọ nínú ihò ẹ̀, a fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìní rọ́bà fún ọ̀sẹ̀ 2, a ki tuntun bọ̀ ọ́, a ò kun nǹkan kan sí i.

Ní báyìí, tí wọ́n bá pè mí sídìí fínáìlì, èékánná mi ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́. Tó bá wọlé, tó fi ojú àpá sílẹ̀, èyí tó rọ̀ nìyẹn, mi ò kun ìyẹn. Mo máa ń béèrè ohun tí wọ́n fi ń nù ún lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì máa ń ní kí wọ́n gbé ìgò ẹ̀ wá kí n rí i, torí àwọn èèyàn kì í ka ohun tó ń mú nǹkan dán mọ́ ohun tí wọ́n fi ń nu nǹkan. Mo máa ń lọ wo iṣẹ́ náà lọ́sàn-án gangan, ní aago tí oòrùn ń bà á, kì í ṣe láàárọ̀ tí gbogbo ilẹ̀kùn ń hùwà ọmọlúàbí. Tí gíláàsì bá wà níwájú ẹ̀, àwọ̀ la máa kọ́kọ́ sọ ká tó sọ owó. Acetone ti kúrò nínú àpótí tí mo ń gbé lọ síbi iṣẹ́ PVC, ilé ló wà.

Ọjọ́ tí mo lọ gba owó mi tó kù, màmá mú mi lọ síbi ilẹ̀ kíṣìnì, fínáìlì ló wà níbẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ ti ṣá. Wọ́n ní ṣé a ò lè fi sánpépà ra ìyẹn náà ká kùn ún. Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n tẹ́ ẹ. Wọ́n ní ó ti wà níbẹ̀ káwọn tó ra ilé, ó tó 50 ọdún. Ọmọ iṣẹ́ mi ti ń tú sánpépà, mo dì í lọ́wọ́ mú. Fínáìlì ilẹ̀ tó bá ti pẹ́ tó yẹn, asbestos lè wà nínú ẹ̀ tàbí nínú gọ́ọ̀mù abẹ́ ẹ̀, eruku ẹ̀ kì í ṣe ohun téèyàn ń fà símú, ó sì sàn kéèyàn má yọ ọ́ lẹ́nu tó bá ṣì wà lódidi. Màmá ní kí làwọn máa wá ṣe sí i báyìí.

Mo ní ma, ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e.